Obìnrin Inú Àpò Ọkọ Ìyàwó

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó ń dùn mí bẹ̀rẹ̀: ọkọ mi ló lẹ́nu jù ní gbogbo òkè Káràkì, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọmọkùnrin kan bá rí ọmọbìnrin tó wù ú, ohun tí àwọn òbí rẹ̀ máa kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n wá jókòó sí yàrá àlejò wa, kí wọ́n máa wo ẹnu ọkọ mi, Bàbá Rákánì. Òun ló ń ṣíwájú jáhà, ìyẹn àwọn àgbà tó ń lọ tọrọ ọmọ. Àwọn àgbà ọkùnrin á tò tẹ̀lé e lọ sílé ọmọbìnrin náà, wọ́n á gbé ife kọfí síwájú rẹ̀, kò sì ní fẹnu kàn án. Á gbé e kalẹ̀, á ní, "A ò ní mu kọfí yín àfi tí ẹ bá fún wa ní ohun tí a bá wá." Ìgbà náà ni yóò wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àwọn bàbá tó ti búra pé àwọn ò ní fọmọ fún ẹnikẹ́ni á sì máa nu ojú. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ tán, tí wọ́n sì ní kó mu kọfí rẹ̀, ọmọ ti bọ́ sọ́wọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá fẹnu kan ife kí wọ́n tó dáhùn, ó ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́, kí gbogbo wọn gba ilé lọ.

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ níta náà ló ń sọ̀rọ̀ nílé. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé nílé, kò sí kọfí kankan tó ń dá a dúró.

Nígbà òtútù tó kọjá, ó dìde láàárọ̀ kan pé òun fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá, ó sì ṣubú lẹ́nu ọ̀nà. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ọlọ́run ṣàánú wa, ẹsẹ̀ padà bọ̀ sípò, ọwọ́ ọ̀tún náà ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lọ. Ohun tó ṣẹ́ kù sí i lẹ́nu ò pọ̀. Ó lè ka Fátíà láìṣì, ó lè ka ení, èjì lọ dé ibi tó bá wù ú, ó sì lè bú èèyàn. "Ọmọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́" a máa jáde lẹ́nu rẹ̀ geere. Bó bá fẹ́ omi, ọmọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Bó bá fẹ́ kí n ti fèrèsé, ọmọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ìmáàmù wa wá kí i, ó ṣe àdúrà gígùn fún un. Ọkọ mi di ọwọ́ ìmáàmù mú, omi gba ojú rẹ̀, ó sì fi tọkàntọkàn dúpẹ́ lọ́wọ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ní.

Gálíbù, àbúrò ọkọ mi, ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kiri pé ọ̀rọ̀ náà ò yé òun. "Ẹni tó lè ka Fátíà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kò wá lè sọ pé òun fẹ́ omi, ṣé kì í ṣe pé ó ń tàn wá báyìí?" Bẹ́ẹ̀ ló ń wí, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn. Ó pẹ́ tó ti ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi ní jáhà, tó kàn ń mi orí bí alángbá. Kí òtútù náà tó lọ, ó ti dá aṣọ àwọ̀lékè tuntun, irú èyí tí aṣíwájú jáhà ń wọ̀. Mo rí i níbi tó ti ń wo ara rẹ̀ nínú gíláàsì fèrèsé wa, mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ohun tó wá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà di eegun sí wa lọ́fun ni Sátámù, ọmọ wa ìkẹyìn. Ó ti rí Hanínì, ọmọ Núwáfù tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ òkè, Hanínì náà sì ti rí i. Ṣùgbọ́n Núwáfù kì í ṣe èèyàn tó rọrùn. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń wá ìyàwó, àwọn àna rẹ̀ dá jáhà rẹ̀ padà léraléra, àfìgbà tí ọkọ mi lọ bá a sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ fún gbogbo ayé pé, "Ẹnu tó bá mi tọrọ ìyá Hanínì ni yóò tọrọ Hanínì lọ́wọ́ mi." Ọ̀rọ̀ dídùn ni nígbà tí ẹnu wà. Nígbà tí ẹnu lọ, a rò pé yóò gbà kí ẹlòmíràn wá, ó kọ̀. Gálíbù ló yẹ kó dípò ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni òun àti Núwáfù ò kíra láti ọjọ́ tí àwọn ewúrẹ́ Gálíbù ti jẹ igi àjàrà Núwáfù run. Núwáfù ní òun ò kánjú, kí ara Bàbá Rákánì yá ná.

Òun ò kánjú lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ tó wà ní Kùwéètì ń kánjú. Ó ti ránṣẹ́ pé ọmọ òun ń bọ̀ wá sílé lẹ́yìn Iléyá láti wá ìyàwó, Hanínì ló sì fojú sí, nítorí lọ́dọ̀ wa, ọmọ ẹ̀gbọ́n a máa fẹ́ ọmọ àbúrò. Sátámù ò jẹun mọ́. Ó kàn ń wo ẹnu bàbá rẹ̀ bí àgbẹ̀ ṣe ń wo ojú ọ̀run lọ́dún ọ̀dá.

Ilé ìwòsàn sọ fún wa pé olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ló kù tí a máa rí, pé Àmánì, olú ìlú wa, ni irú wọn wà. Ta ló máa gbé arúgbó sínú bọ́ọ̀sì lọ sí Àmánì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Ni Rákánì, àkọ́bí wa tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Àkábà, bá fi tábílẹ́ẹ̀tì kan ránṣẹ́, ó ní olùkọ́ náà yóò máa bá bàbá òun pàdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Èmi ń retí àgbàlagbà obìnrin kan tó wọ gíláàsì nípọnnípọn. Ọmọdébìnrin ló yọ sí wa. Lúbínà lorúkọ rẹ̀, ó wé ìborí aláwọ̀ ewé, ológbò rẹ̀ sì ń rìn gberegbere lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ mi wo ọmọ náà, ó wo ológbò, ó wá sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ọmọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́."

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Ọmọ náà kàn rẹ́rìn-ín ni.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá. Ohùn yín ń dún kedere. Iṣẹ́ ti dín kù fún mi."

Sátámù àti àwọn ọmọbìnrin mi méjèèjì ló rọ̀gbà ká wa, gbogbo orí ló fẹ́ wọ inú àwòrán. Lúbínà bi ọkọ mi pé kí lorúkọ rẹ̀. Gbogbo ilé dáhùn. Ó bi í pé kí ló jẹ láàárọ̀. Ọmọbìnrin mi àgbà ní ẹ̀wà ni, àbúrò rẹ̀ ní wàràkàṣì ni, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìjà. Lúbínà ní kí gbogbo wọn jọ̀wọ́ bọ́ síta. Wọ́n bọ́ síta, wọ́n dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n ń dáhùn láti ibẹ̀.

"Ó wá ku àwa," ni Lúbínà wí. "Bàbá, kí ni nǹkan mímu tí ẹ fẹ́ràn jù láyé?"

"Kọfí," ni mo sọ.

"Màmá, Bàbá ni mo bi."

"Kò lè dáhùn ni mo ṣe bá a dáhùn."

"Ẹ̀yin lẹ máa ń dáhùn ni kò ṣe lè dáhùn. Ẹ má bínú o, Màmá, àwọn ọmọ tí mo lé síta yẹn kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín."

Ọkọ mi, tí kò tíì rẹ́rìn-ín láti ìgbà òtútù, ya ẹnu, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé àwọn méjèèjì á mọwọ́ ara wọn.

Òfin tó fún wa lọ́jọ́ náà ni pé kò sí kọfí mọ́ fún Bàbá Rákánì láìjẹ́ pé ó bèèrè. Ohunkóhun tó bá jáde lẹ́nu rẹ̀ tó bá ti fi díẹ̀ jọ ọ̀rọ̀ náà, kí n gbé ife fún un kíá, kó mu ún lójú ẹsẹ̀, kó lè mọ̀ lára pé ọ̀rọ̀ ló mú kọfí wá.

"Bí kò bá wá bèèrè ńkọ́?"

"Kí wọ́n mu omi."

Ó mu omi. Ó fi ojú bú mi, ó fi ẹnu bú mi, ó jókòó ti kẹ́tùlù kọfí tó ń ta sánsán lórí iná, ó sì ń ka ení, èjì fún un bí ẹni tó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ mi. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Mo fi ara pamọ́ sí ilé ìdáná mu tèmi kí òórùn má baà pa á. Nígbà tó yá, ó pa ètè pọ̀, ó tiraka títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ, ó ní, "Kọ." Mo sáré débi pé mo da ìdajì rẹ̀ sí aṣọ mi lára. Ó gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà, ó wá na ife sí mi. "Kọ."

Lúbínà ló là mí lóye nípa Fátíà. Ó ní ọ̀rọ̀ tó bá ti mọ́ ẹnu lára, àdúrà ni o, èébú ni o, ọ̀nà tirẹ̀ ló ń gbà nínú orí, ibẹ̀ ò bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn ní láti wá fúnra rẹ̀ ni ọ̀nà rẹ̀ dí. Orin náà sì ní ọ̀nà tirẹ̀, nítorí náà ọ̀nà orin la máa yà gbà. Ó kọ́ ọkọ mi pé kó máa fi ọwọ́ òsì lu orúnkún jẹ́jẹ́, kó máa gbé ọ̀rọ̀ ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Fún—mi—ní—kọ—fí. Ó ń bọ́ sẹ́nu rẹ̀. Ọkùnrin tó ti mú àwọn olówó Àmánì sunkún wá ń lu orúnkún, ó ń kọ orin ọmọ ọwọ́ fún ọmọdébìnrin kan àti ológbò rẹ̀.

Ojú ń tì í, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, á da aṣọ bo tábílẹ́ẹ̀tì. Ó fi ìka sí ètè, ó nawọ́ sí ìta, ó yé mi: kò gbọdọ̀ jáde pé Bàbá Rákánì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. A wá fẹnu kò pé eré ìje ràkúnmí ló ń wò. Gálíbù yọ sí wa lójijì lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ ohùn Lúbínà kí aṣọ tó bò ó.

"Ìyá Rákánì, ta nìyẹn?"

"Obìnrin tó ń ṣàlàyé ìje ràkúnmí ni."

"Mo gbọ́ tó ní, 'Ẹ mí dáadáa.'"

"Ṣé ràkúnmí kì í mí ni?"

Ó wò mí lọ, ó wò mí bọ̀. Mo bu kọfí fún un kó lè rí nǹkan míì fẹnu ṣe.

Bí Iléyá ṣe ń súnmọ́lé, Lúbínà ní kí a fi ọ̀rọ̀ gígùn sílẹ̀, kí a mú èyí tó ṣe kókó. A fẹ́ Hanínì fún Sátámù. Ìyẹn náà tó. Mo dé fìlà Sátámù, mo fi èédú ya irunmú, mo jókòó bí Núwáfù, mo gbé ife síwájú ọkọ mi. Ó lu orúnkún. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, kò sí èyí tó já bọ́. Orí mi wú. Kí n tó la ẹnu pé mo gbà, ó ti gbé ife, ó ti mu kọfí náà tán, ó sì ti na ife sí mi fún òmíràn.

Lúbínà fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

"Èmi ni mo ṣe é, Màmá. Èmi ni mo kọ́ wọn pé ọ̀rọ̀ jáde, kọfí wọlé. Kọfí jáhà ò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn rárá."

"Ṣé o ò tíì rí jáhà rí ni?"

"Wọ́n ṣe é fún ẹ̀gbọ́n mi. Inú yàrá làwa obìnrin wà, níbo la ti máa rí ife?"

A tún un ṣe, ó tún mu ún. Mo ní, "Bàbá Rákánì, ẹ má mu ún o." Á mi orí pé ó ti yé òun, á sọ̀rọ̀ tán, ọwọ́ á sì tún fò lọ bá ife bí ọwọ́ olè. Kì í ṣe pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ náà ti gbà pé ẹ̀tọ́ òun ni. Nígbà tó sú mi, mo wọ ilé ìdáná, mo bu iyọ̀ sínú kọfí tó tó èyí tí wọ́n fi ń se ẹran àgùntàn. Ó sọ̀rọ̀, ó mu, ó tu gbogbo rẹ̀ sí irunmú mi, ó wá fi èébú kàn mí lára bí ẹni tí kò ṣàìsàn rí. Lúbínà rẹ́rìn-ín títí ológbò fi sá jáde.

"Kò sí iyọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ́ wa," ló wí, "ṣùgbọ́n ẹ máa bu ú lọ, Màmá."

Láti ìgbà náà, bí ó bá rí ife, á kọ́kọ́ fura sí i. Ìyẹn la fẹ́. Ohun tí kò jẹ́ ká sinmi ni orin. Ọkọ mi ò fẹ́ kọrin níwájú àwọn ọkùnrin. Bí Lúbínà bá ti ní kó lu orúnkún, á mi orí, á nawọ́ sí ìsàlẹ̀ òkè, sí ilé Núwáfù, á ní, "Rárá." Òun fẹ́ sọ ọ́ bí ọkùnrin, ní ohùn ọ̀rọ̀ lásán. Láìsí orin, nígbà mìíràn ó ń jáde, nígbà mìíràn ọmọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń jáde dípò rẹ̀.

A ránṣẹ́ sí Núwáfù pé Bàbá Rákánì ń bọ̀ fúnra rẹ̀, ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Iléyá ni wọ́n sì lọ. Àwọn ọkùnrin nìkan ló ń wọ ibẹ̀, n ò sì lè jókòó nílé kí n máa dúró de ìròyìn. Ète tèmi ni, kò sẹ́ni tó bá mi dá a. Mo ní kí Sátámù fi fóònù rẹ̀ pe orí tábílẹ́ẹ̀tì, kó fi í sínú àpò àyà kóòtù rẹ̀, kí ojú kámẹ́rà yọ díẹ̀. Lúbínà náà á wà lórí rẹ̀ láti Àmánì, ó ti bẹ̀ mí.

"Ìyá, wọ́n á pa mí," ni Sátámù wí.

"Ta ló máa wo àyà rẹ? Ojú bàbá rẹ ni gbogbo wọn máa wò."

"Bí wọ́n bá wá rí i ńkọ́?"

"Sọ pé àkókò ìrun lò ń wò."

Lúbínà búra pé òun ò ní sọ nǹkan kan. Mo gbà á gbọ́, nítorí ọmọ gidi ni.

Èmi jókòó sí ilé ìdáná, mo gbé tábílẹ́ẹ̀tì ti àpótí ìrẹsì. Ohun tí mo ń rí ò ju irùngbọ̀n Gálíbù, òkè àjà, àti ọwọ́ Núwáfù tó ń fa tẹ̀súbáà. Àwọn ọkùnrin kíra, wọ́n kíra títí ó fẹ́ sú mi. Kọfí wọlé. Sátámù yí ara díẹ̀, ọkọ mi wá hàn sí mi wàyí, ó wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, ojú rẹ̀ funfun bí ẹ̀fun. Ó gba ife. Ó wò ó tìfura-tìfura. Ó gbé e kalẹ̀ síwájú rẹ̀ láìfẹnu kàn án.

Mo gbá àyà mi mú. Lúbínà tó wà ní igun àwòrán náà gbá tirẹ̀ mú.

"Ẹ mu kọfí yín, Bàbá Rákánì," ni Núwáfù wí, bí wọ́n ṣe máa ń kí àlejò kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ mi la ẹnu. Kò sí nǹkan tó jáde. Ó pa á dé, ó tún un là. Gálíbù wúkọ́, ó tún àwọ̀lékè tuntun náà ṣe léjìká.

"Ẹ̀yin èèyàn wa," ló bẹ̀rẹ̀, "ẹ̀gbọ́n mi ò lè sọ̀rọ̀, gbogbo wa la mọ̀. Èmi ni mo máa—"

"Dákẹ́, ọmọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́," ni ọkọ mi wí.

Ó jáde geere. Mo gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọkùnrin láti òpin yàrá, kódà ọwọ́ Núwáfù dúró lórí tẹ̀súbáà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀rín, wọ́n tún ń dúró dè é, òun náà sì ti padà síbi tó wà. Ó ń wá ọ̀rọ̀ náà lójú gbogbo èèyàn, kò rí i. Ọwọ́ òsì rẹ̀ gbéra lórí orúnkún, ó rántí ara rẹ̀, ó di ìkúùkù.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn.

"Ẹ mí, Bàbá. Ẹ mí dáadáa. Ẹ lu orúnkún yín."

Mo wo Lúbínà. Ètè rẹ̀ ló ń mì. Ó ti gbàgbé ibi tó wà, ọ̀dọ̀ ọkọ mi ni gbogbo ọkàn rẹ̀ wà. Sátámù òmùgọ̀ mi, ẹ̀rù ò sì jẹ́ kó rántí kí ó pa ohùn fóònù. Ní àárín gbogbo àwọn àgbà òkè Káràkì, ọmọbìnrin kan sọ̀rọ̀ jáde láti àyà ọkọ ìyàwó.

"Sátámù," ni Núwáfù wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an, "ta ni obìnrin tó wà nínú àpò rẹ?"

Ọmọ mi, tó ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, yadi. Ká ní ó sọ pé àkókò ìrun lòun ń wò, à bá rí àwáwí, ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ò jáde. Gálíbù ló rí ọ̀rọ̀ sọ.

"Mo ti gbọ́ ohùn yẹn rí. Ìyá rẹ̀ ní ràkúnmí ni."

"Ẹni tó gbé obìnrin sínú àpò wá sílé mi," ni Núwáfù wí, "ọmọ ta ló wá tọrọ?" Ó nawọ́ sí ẹni tó ń bu kọfí pé kó wá gbé ife yẹn kúrò níwájú àlejò.

Bí wọ́n bá ti gbé ife náà kúrò, ó parí nìyẹn. Mo ti dìde dúró ní ilé ìdáná, bí ẹni pé mo lè na ọwọ́ kọjá inú gíláàsì náà lọ dá a dúró. Lúbínà ń sunkún, ó ní, "Mo ti ba ayé wọn jẹ́." Ni mo bá rí ọwọ́ ọ̀tún ọkọ mi, ọwọ́ tí kò tíì bọ̀ sípò tán yẹn, tó gbéra tó lọ bo ife náà mọ́lẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbé e dúró. Ọwọ́ òsì rẹ̀ tú ìkúùkù sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu orúnkún.

"O—lù—kọ́—mi—ni."

Ó kọ ọ́ lórin. Níwájú gbogbo wọn, ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ẹnì kan fi imú rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ọkọ mi ò wo ibẹ̀.

"Olùkọ́ kí ni?" ni Núwáfù bi í.

"Ọ̀—rọ̀."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin ni wọ́n ń kọ́ lọ́rọ̀?"

Mo mọ ọkùnrin yìí. Ó sàn fún un kó kú ju kó dáhùn ìbéèrè yẹn lọ. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. Ó lu orúnkún, ó tún un lù, ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń bá a lu àpótí ìrẹsì láìmọ̀.

"Ẹ—nu—mi—lo—ní—o—fẹ́. Mo—lọ—wá—a."

Kò sẹ́ni tó fi imú rẹ́rìn-ín mọ́. Núwáfù wo ọwọ́ tó bo ife, ó wo ọwọ́ tó wà lórí orúnkún. Ọkọ mi ò dúró kó ní kí òun máa bá a lọ.

"A—fẹ́—Ha—ní—nì—fún—Sá—tá—mù."

Núwáfù fi etí aṣọ orí rẹ̀ nu ojú.

"Bàbá Rákánì," ló wí, "ẹ mu kọfí yín."

Wọ́n pariwo. Ẹnì kan dì mọ́ Sátámù, gbogbo ohun tí mo ń rí di òkùnkùn, mo ń bú ẹni náà láti ilé ìdáná pé kó kúrò lójú kámẹ́rà. Nígbà tó kúrò, ọkọ mi ti gbé ife dé ẹnu. Ó tọ́ ọ wò. Ó fa ojú ro. Mo rò pé ó ń rántí iyọ̀. Ó gbé ife sílẹ̀, ó wo Núwáfù, kò lu orúnkún, kò kọrin.

"Ó ti tutù," ló wí.

Lúbínà di orí mú ní Àmánì.

"Màmá," ló wí, "mi ò kọ́ wọn ní ìyẹn."

Èmi náà ò kọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ìrẹsì, mo sunkún, mo sì rí Núwáfù tó gba kẹ́tùlù lọ́wọ́ ẹni tó ń bu kọfí, tó dìde, tó sì bu òmíràn tó gbóná fún un fúnra rẹ̀.